Ọ̀gá Tó Ń Fimú Wá Ìfẹ́

Imú tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ìjọba ló ń sanwó oṣù fún un. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní Paleomolos, ìlú wa etí òkun, ẹnikẹ́ni kì í fi imú Ọ̀gá Polivios Kalafatis rẹ́rìn-ín níṣojú ẹni tó ni ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń rín in, nílé kọfí, lẹ́yìn tí a bá ti wọ̀tún wòsì, tí a rí i pé Kosmas, ìgbákejì rẹ̀, kò sí nítòsí.

Ọ̀gá Polivios ni olórí Ọ́fíìsì Àlejò. Àlejò yòówù tó bá fẹ́ bá olólùfẹ́ rẹ̀ gbé ní àgbègbè wa, iwájú ọkùnrin yìí ló máa dé. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí àga gígùn pupa kan, wọ́n á wá fi yé e pé ìfẹ́ wọn kì í ṣe ìfẹ́ orí ìwé, pé ó ti pẹ́, pé kì í ṣe torí físà nìkan ni wọ́n ṣe ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Tó bá gbà wọ́n gbọ́, àlejò á rí ìwé ìgbélùú gbà. Tí kò bá gbà wọ́n gbọ́, àlejò á lọ di ẹrù rẹ̀.

Ọ̀gá náà ga, ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, ó sì ń rìn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fẹ́. Kì í kí èèyàn. Ìkíni ló máa ń gbà.

Bí ọ̀rọ̀ imú ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Lọ́dún tó kọ́kọ́ gorí oyè, ọ̀fìnkìn dá a wó. Atukọ̀ kan àti ọmọbìnrin kan jókòó síwájú rẹ̀. Kó tó béèrè ohunkóhun, ó sín. Ó tẹjú mọ́ atukọ̀ náà, torí pé ojú rẹ̀ ti kún fún omi, ó tún sín. Nígbà tó sín ìkẹta, atukọ̀ fò dìde, òógùn bò ó.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi! Àná la pàdé! Mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ bàbá rẹ̀!"

Ọ̀gá Polivios kò mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n Kosmas wà níbẹ̀, Kosmas tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó parí àwàdà, ó sì kígbe pé, "Imú! Ọ̀gá, imú yín ló mú un!"

Ọ̀gá nu imú, ó ronú díẹ̀, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé imú yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn imú tó kù," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, òfin ń tẹ̀ lé òfin. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fín lọ́fínńdà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dín ẹja lódìkejì títì kò gbọ́dọ̀ dáná títí ọ́fíìsì yóò fi tì. Kosmas ń gbé áńkáṣíìfù funfun tẹ̀ lé ọ̀gá kiri lórí àwo pẹrẹsẹ, bí àlùfáà tó gbé oúnjẹ mímọ́. Láràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Imú ńkọ́?"

"Imú wà."

"Ọlọ́run á dá a sí fún wa."

"Àmín."

Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó kàwé gboyè ló ń sọ ọ́.

Ọ̀gá wá ní ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ gbogbo ayé. Ìbáà jẹ́ ẹni méjì péré ló wà níwájú rẹ̀, ohùn ẹni tó ń bá ọjà sọ̀rọ̀ ló fi ń kọ́ wọn. "Ẹ̀yin ará! Ìfẹ́ tòótọ́ a máa ta sánsán bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ààrò jáde! Ìfẹ́ físà a máa rùn bí ilé tí wọ́n tì pa! Ènìyàn lè tan ojú, ènìyàn lè tan etí, ṣùgbọ́n ta ló tan imú rí?"

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó tàn án.

Tọkọtaya kan wá, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú gírígírí. Ọ̀gá ní, "Ẹ lẹ̀ mọ́ra jù. Ta lẹ ń ṣe é fún?" Ó kọ̀ wọ́n. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn gbọ́, wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀gá ní, "Ẹ jìnnà síra jù. Ṣé ìjà lẹ jà ni?" Ó kọ àwọn náà. Obìnrin kan wá fa Kosmas sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ gbà mí, báwo gan-an la ṣe ń jókòó níbẹ̀?" Kosmas fi ìka kan àyà rẹ̀. "Madáàmù, ẹ jókòó bí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ mọ́." Obìnrin náà gbìyànjú. Wọ́n kọ òun náà.

Ẹ̀yìn èyí ni Pinelopi ọmọ alápatà mú ọkùnrin kan wọlé tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ti fi dígí kọ́ ara wọn ní eré dáadáa. Pinelopi gbé kéèkì jáde nínú báàgì, ó fi ṣíbí bọ́ ọkùnrin náà.

"Ṣó dùn, oyin mi?"

"Kò dùn tó ọ, ṣúgà mi."

Omi bọ́ lójú ọ̀gá. Ó fun imú, ó buwọ́ lùwé lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí Kosmas ṣí fèrèsé kí ará ìlú lè gbọ́ òórùn ìfẹ́. Kí oṣù náà tó kú, ọkùnrin yẹn ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú tó dára ju tiwa lọ, Pinelopi sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge. Nígbà tí wọ́n bi Kosmas léèrè, ó ní, "Ìfẹ́ wọn ló pọ̀ tí ìlú yìí kò fi gbà á."

Ìròyìn imú dé ọ̀dọ̀ gómìnà àgbègbè wa, Ọlọ́lá Lisandros Vergas. Gómìnà kò bìkítà fún ìfẹ́, kò sì bìkítà fún imú. Ohun tó rí ni pé àwọn àlejò ń dín kù, ìdìbò sì ń bọ̀. Ó kọ̀wé pé òun ń bọ̀ fúnra òun wá fi mẹ́dà kọ́ Ọ̀gá Polivios lọ́rùn ní gbàgede etíkun. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ò gbé orí rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ó ń gbé e sókè kó lè mọ́ ọrùn lára de mẹ́dà.

Ìgbà yìí gan-an ni Nanuli àti Argiris kó sí i lọ́wọ́.

Ará Jọ́jíà ni Nanuli. Ìtọ́jú Ìyá Despo ló gbé e wá, nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá náà kò gbé e mọ́. Argiris, tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi, ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, àpọ́n tó ti ń hu ewú, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lóòjọ́ kò kún ife kọfí. Nígbà tí Nanuli kọ́kọ́ dé, "ọ̀gá" ló ń pè é. Ọjọ́ tí "ọ̀gá" di "ìwọ," kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àwọn fúnra wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Despo nìkan ló mọ̀. Ìyá náà pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan látorí ibùsùn.

"Argiris! Ẹsẹ̀ mi ló kú, ojú mi kò kú. Lọ gbé ìrọ̀rí rẹ kúrò nínú yàrá àwọ̀n, kó o gbé e síbi tó ń wù ú."

Argiris pọ́n bí èso àjàrà. Ó gbé ìrọ̀rí. Báyẹn ni wọ́n ṣe gbéyàwó, láìsí àlùfáà, láìsí ìwé.

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà àwẹ̀ Lẹ́ńtì, Ìyá Despo dákẹ́. Àwọn méjèèjì ló wẹ̀ ẹ́, àwọn ló wọ̀ ọ́ láṣọ. Ibi tí ẹkún ti ń gbẹ lójú wọn ni òfin ti yọjú: torí kí Nanuli lè tọ́jú arúgbó ni ìjọba ṣe fún un níwèé. Arúgbó ò sí mọ́, ìwé náà kú bá a lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kí wọ́n fi hàn pé olólùfẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n. Wọ́n bá wọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ sìnkú ìyá, wọ́n lọ jókòó sórí àga pupa.

"Ó tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti jọ wà?" ni Ọ̀gá Polivios béèrè.

Argiris yíjú sí Nanuli. "Ṣé ká kà á láti ìgbà ìrọ̀rí ni?"

"Ìrọ̀rí wo?" ni ọ̀gá wí.

Nanuli fi ìgúnpá gún Argiris. "Ó ti pẹ́, ọ̀gá."

"Fọ́tò yín dà?"

Wọ́n mú ẹyọ kan jáde. Ìyá Despo ló wà láàárín rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, apá Nanuli sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, níbo lo wà nínú fọ́tò yìí?"

"Èmi ni mo yà á, ọ̀gá."

"Lẹ́tà ìfẹ́ ńkọ́?"

"Ilé kan náà là ń gbé," ni Nanuli dáhùn. "Ta ni yóò kọ̀wé sí ta?"

Kosmas mí kanlẹ̀, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ọ̀fọ̀. Ọ̀gá fara balẹ̀. "Ẹ jẹ́ n ràn yín lọ́wọ́. Kí lo máa ń pè é tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì?"

"'Ìwọ,'" ni Nanuli wí.

"Òun ńkọ́, kí ló ń pè ọ́?"

"'Gbọ́ ná.'"

Ọ̀gá dìde. Kosmas gbé àwo súnmọ́ ọn. Ọ̀gá nu imú, ó bẹ̀rẹ̀ sórí Argiris, ó fa èémí. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí Nanuli, ó fa èémí.

"Kí ni mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ yìí?"

"Ọ̀dà àwọ̀n ni, ọ̀gá," ni Argiris wí.

"Àti?"

"Àlùbọ́sà," ni Nanuli wí. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni."

"Kò sí ìfẹ́ níbí!" Ohùn ọ̀gá kan òrùlé. "Òórùn òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni mò ń gbọ́! Kí obìnrin yìí ti kúrò nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìkórè àjàrà!"

Nílé kọfí, gbogbo wa di amòye. Stamatis, ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, lu tábìlì. "Fọ́tò ni wọ́n ń fẹ́? Ẹ kó wọn wá bá mi. Òkú pàápàá, tí mo bá yà á, ìfẹ́ á hàn lójú rẹ̀." Ó tò wọ́n síwájú òkun.

"Ẹ súnmọ́ra! Argiris, gbé ọwọ́ lé e léjìká. Háà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn! O dà bí ọlọ́pàá tó mú olè. Nanuli, rẹ́rìn-ín!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀ tí màá fi rẹ́rìn-ín?"

"Ìfẹ́ ló ṣẹlẹ̀!"

"Ṣé ìfẹ́ ni yóò pa mí lẹ́rìn-ín? Oòrùn ń jó mi lójú."

Nígbà tí fọ́tò jáde, wọ́n dà bí ẹni méjì tí wọ́n ní kí wọ́n jọ gbé kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Síbẹ̀ wọ́n gbé e lọ fún Ọ̀gá Polivios. Ọ̀gá wò ó, inú rẹ̀ dùn dé ìka ẹsẹ̀.

"Kosmas! Èyí gan-an la ń wá! Lọ́jọ́ mẹ́dà, mo fẹ́ kí gómìnà fojú ara rẹ̀ rí imú lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn méjì yìí ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ èké. Ìwọ àti ìyàwó rẹ lẹ ó ṣe àpẹẹrẹ òótọ́." Ó kọjú sí Nanuli. "Tẹ́ ẹ bá wá, mo lè tún ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Tẹ́ ẹ ò bá wá, ọkọ̀ ọlọ́pàá á wá gbé ọ."

Kò ní in lọ́kàn láti tún nǹkan kan gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì, koríko ló ń dì mú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Nanuli ń ká aṣọ sínú àpò. Argiris dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbọ́ ná. Má fi ẹ̀wù òtútù yẹn sílẹ̀. Òtútù ń mú lọ́hùn-ún."

"Ṣé o fẹ́ kí n lọ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní òtútù ń mú."

Nanuli yíjú sógiri, ó ń ká aṣọ kan náà lákàátúnká. Nígbà tó máa bojú wẹ̀yìn, Argiris ti kúnlẹ̀, ó fa àpò tirẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kó abẹ́rẹ́ àwọ̀n àti òwú sínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò sùn lẹ́yìn odi Paleomolos rí àfi ìgbà tó ṣe sójà.

"Ìwọ, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ṣé òkun wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Òkun Dúdú."

"Ṣé àwọ̀n ni wọ́n fi ń pẹja rẹ̀?"

"Kí ni wọn ì bá fi pa á? Ọ̀kọ̀?"

"Àwọ̀n máa ń ya," ni Argiris wí, ó sì fa okùn àpò náà pa. Nanuli jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi aṣọ tó ń ká bo ojú, kò sì mú un kúrò fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́dà dé. Ẹgbẹ́ onífèrè ìlú tò sábẹ́ àwọn igi ńlá etíkun. Wọ́n ń yan sàdíìnì, wọ́n ń bù ú sórí àwo bébà fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó. Gómìnà wà lórí pèpéle, mẹ́dà wà nínú àpótí lórí itan rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Madáàmù Amfitriti, kì í bá a ṣèjọba, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú nílùú wa. Ó pẹ́ kó tó dé, òun àti Iasonas, ọmọkùnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí gómìnà ń kà fún aráàlú. Torí náà àwọn méjèèjì jókòó sáàárín àwa èrò, níbi tí àga ti ṣẹ́kù.

Ọ̀gá Polivios gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọlọ́lá jùlọ! Oòrùn tí kì í wọ̀ lórí àgbègbè wa! Àwọn baba ńlá wa ló kọ́ tẹ́ḿpìlì. Àwọn baba wa ló kọ́ èbúté. Èmi, ọmọ wọn kékeré, kí ni mo ní? Imú ni!" Kosmas pàtẹ́wọ́. Àwa náà pàtẹ́wọ́, nítorí sàdíìnì. "Pẹ̀lú imú yìí ni mo fi ń ṣọ́ ìloro orílẹ̀-èdè! Ẹ mú àwọn èké náà wá!"

Wọ́n mú Argiris àti Nanuli gorí pèpéle. Wọ́n dúró síbẹ̀ nínú aṣọ dúdú wọn, níwájú gbogbo ẹni tó ti mọ̀ wọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Ìtìjú mú àwa gan-an, a sì ń wo àwo wa.

"Ẹ wò wọ́n!" ni ọ̀gá ń ké. "Ọwọ́ kò kan ọwọ́! Ojú kò wo ojú! Obìnrin, sọ fún aráyé, ṣé o fẹ́ràn ọkùnrin yìí?"

"Ọ̀rọ̀ ilé wa nìyẹn," ni Nanuli wí.

"Ẹ gbọ́ o! Kò lè sọ ọ́!"

"Ọ̀gá, ẹ bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀. Ẹ bi mí léèrè ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi sùn nígbà tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún. Ẹ bi mí léèrè ẹni tó di orí ìyá rẹ̀ mú nígbà tí mò ń wẹ̀ ẹ́. Ìfẹ́ tí ẹ ń fimú wá kiri, nílé tiwa, ọṣẹ la fi ń fọ̀ ọ́, a sì ń sá a sóòrùn."

Oòrùn ọ̀sán ń jó. Argiris kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó dé e lé Nanuli lórí. Nanuli náà kò wò ó, ó kàn tún fìlà ṣe kó má bo òun lójú, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Gbogbo apẹja tó wà níbẹ̀ ló rí i. Imú nìkan ni kò rí i.

"Ó tó!" ni ọ̀gá wí. "Ẹ wá wo ìfẹ́ tòótọ́ báyìí. Kosmas, ìyàwó rẹ dà?"

Kosmas ń laágùn. "Ọ̀gá, kò wá. Ó ní tí mo bá ń wá ìyàwó, kí n máa fimú wá a."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹni tó gbọ́n ì bá gba mẹ́dà rẹ̀ kó jókòó. Ọ̀gá Polivios na ọrùn, ó wo àárín èrò kiri, ojú rẹ̀ sì bà lé ọkùnrin kan tó ń yọ eegun kúrò lára sàdíìnì, tó ń to ẹran rẹ̀ sínú àwo obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ń bá a wí lórí nǹkan kan, bó ṣe ń bá a wí ló ń fi àtàǹpàkò nu òróró kúrò lágbọ̀n rẹ̀, bí ẹni tó ń nu tábìlì ilé ara rẹ̀.

"Ẹ wò wọ́n!" Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kosmas, tó ti rí fọ́tò obìnrin náà nínú ìwé ìròyìn, sáré di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. "Ọ̀gá... ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dákẹ́, Kosmas! Imú ń ṣiṣẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó fa èémí gígùn. "Háàà! Búrẹ́dì! Búrẹ́dì gbígbóná! Ẹ dìde, ẹ̀yin olólùfẹ́, ẹ jẹ́ kí gómìnà rí yín! Ẹ má tijú! Ìfẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ rèé, ìfẹ́ tí kò lábùlà!"

Olórí onífèrè rò pé ó ti wà nínú ètò, ó fọn orin ìyàwó. A pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi ń súre pé, "Ẹ ó bímọ! Ẹ ó fọwọ́ tọ́ wọn!"

Gómìnà dìde díẹ̀díẹ̀. Fèrè ń kú níkọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gbẹ́ni Kalafatis," ló wí, "ìyàwó mi nìyẹn."

Ọ̀nà àbáyọ ṣì wà. Gbólóhùn kan péré ni: "Mo ṣì í." Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò sọ ọ́ rí, ahọ́n rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

"Ọlọ́lá jùlọ," ló wí, àyà rẹ̀ ṣì wà níta, "imú yìí kì í ṣì."

Gómìnà fi pèpéle sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti gbé sókè. Iasonas kò ronú, ó bọ́ sáàárín, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ bo obìnrin náà, ó sì dúró. Kò sóhun tó kù tí ẹnikẹ́ni ní láti sọ. Ọwọ́ gómìnà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Madáàmù Amfitriti gbé báàgì rẹ̀, ó di apá Iasonas mú, wọ́n sì rìn gba àárín wa kọjá lọ síbi tí ọkọ̀ wà, láìyára.

Ẹ bá mi wò ó. Ní gbogbo ìgbà tí imú yìí ń ṣì, tó ń tú ilé onílé ká, ìyìn ni wọ́n ń yìn ín. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbóòórùn òótọ́ láyé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọ́ ọ mọ́ ọn lójú.

Gómìnà ti mẹ́dà bọ àpò, ó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gbé Ọ̀gá Polivios lọ ṣe olórí Ọ́fíìsì Àlejò ní erékùṣù kan tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ, tí àlejò kò sì dé rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, kò sẹ́ni tó sìn ín. Ìdè àpótí rẹ̀ já létí omi, aṣọ rẹ̀ ń dà sílẹ̀. Argiris fi àwọ̀n sílẹ̀, ó mú okùn, ó bá a di àpótí náà pinpin. Ọ̀gá wò ó títí.

"Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi," ló wí. "Kò sí ìfẹ́ níbẹ̀."

"Ẹ rọra gorí ọkọ̀," ni Argiris wí. "Pákó yẹn ń yọ̀."

Kosmas ló jókòó sórí àga ọ̀gá. Àwo áńkáṣíìfù ti dàwátì, Kosmas sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èèyàn yẹn kò pé. Àṣẹ kan ló kọ́kọ́ tọ̀dọ̀ gómìnà wá: gbogbo ẹni tí Kalafatis bá kọ̀, kí wọ́n gbà wọ́n, gbogbo ẹni tó bá gbà, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ má pè é ní ìdájọ́ òdodo. Ìbínú ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ìbínú sè náà a máa yó ni.

Àwọn tó ń kórè àjàrà ti ń kọrin lórí òkè nígbà tí ìwé dé ilé Argiris. Nanuli ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá, kò lè gbà á. Argiris já a fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó parí, ó gbé e lé orúnkún.

"Ìwọ," ni Nanuli wí. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní kó o dúró."

"Èyí tó kù ńkọ́? Ìwé náà gùn."

Argiris tún wò ó. Etí rẹ̀ pọ́n. "Wọ́n ní a fẹ́ràn ara wa."

Nanuli dáwọ́ ìyẹ̀fun dúró.

"Ta ló sọ fún wọn?"